Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Búrékì

Ọmọ mi Ayọ̀wálé ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Nígbà tó wá sílé, ó tún sọ ọ́ lójú mi, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń tan ọmọ kékeré kó lè lo oògùn. Inú bí mi débi pé omi tí mo ń mu pá mi lórí. Èmi tí mo wa ọkọ̀ ológun ní bárékè Ọ̀jọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì! Èmi tí mo kọ́ àwọn sójà ní ọkọ̀ wíwà, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti di ọ̀gá ńlá! Òun Ayọ̀wálé alára, ta ló kọ́ ọ?

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni mí. Mo mọ̀ pé mo ti darúgbó, ẹnikẹ́ni kò ní láti máa rán mi létí. Etí mi òsì kì í gbọ́ àfi ohun tó bá wù ú, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi sì máa ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú mi ríran, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n lórí sítíárìn.

Géètì aládùúgbò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ dúró, ọkọ̀ kò dúró lásìkò, ó sì lọ fi imú gbá géètì náà. Mo ní búrékì ni. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe búrékì. Mo ní kò mọṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi ló pe Ayọ̀wálé, n kò sì tíì mọ èwo nínú wọn ni.

Ayọ̀wálé tún fẹ́ fi sílípáàsì mú mi. Lóòótọ́, sílípáàsì mi máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé ẹyọ kan ṣì wà ní pálọ̀. Ẹ̀bi àwọn tó ń ṣe sílípáàsì ayé ìsinsìnyí nìyẹn, kí ló kan ọkọ̀ nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yìí kò mọ̀. Láti ìgbà tí Motúnráyọ̀ ìyàwó mi ti kú, ilé mi ní Ọkọ́kọmáíkò kún fún ènìyàn, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn ayálégbé á kí mi láàárọ̀, wọ́n á sáré lọ sí Àlàbá, wọ́n á padà dé ní alẹ́, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń wá jẹ aṣọ mi lórí okùn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Mo máa ń bú u pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kó má bàa tètè lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń di ènìyàn. Ọjọ́ náà ni mo máa ń wa Kọrólà mi lọ sí Ìbà láti lọ gbé Ìyá Kàmọ́rù, tí a ó sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Opó ni òun náà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Kò lè gun bọ́ọ̀sì, bó bá sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìrora ni yóò fi sunkún dé ibi tó ń lọ. Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀ láti Dúbáì, ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi bá ti mọ́, fóònù mi á dún.

“Bàbá Ayọ̀, mo ti múra o.”

“Mo ti dé Ìyànà Ìbà,” lèmi náà á dáhùn.

Irọ́ ni. Inú ilé ni mo máa ń wà, tí mo ń wá Bíbélì mi káàkiri. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀, ẹ̀rín á sì pa àwa méjèèjì lórí fóònù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí. Á máa bú ìwakọ̀ mi, á máa kọ orin ìjọ, á sì na mọ́ínmọ́ín eléwé gbígbóná sí mi láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló fẹ́ gbà.

Mo sọ fún Ayọ̀wálé pé kó wá wo ìwakọ̀ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ó dáa, Dádì. Màá wá ní Sọ́ńdè. Màá jókòó síwájú. Tí ẹ bá wà á dáadáa, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n tí kò bá dáa, ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ò ní bínú.”

“Kó o tó bọ́ nínú góósíló láti Àjáh, ìwọ gan-an lo máa nílò dírẹ́bà,” mo ní. Mo gbà. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo gbà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, mo ti wọ sútánà mi funfun kí Ayọ̀wálé tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ aláṣọ funfun mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sútánà kì í wọ bàtà. Àwọn mìíràn ń wọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Èmi kò ṣe é rí. Láti inú yàrá ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi ń wakọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní bárékè, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn tí mo bá ń kọ́ ni pé kí wọ́n bọ́ bàtà. Mo ní kí ẹsẹ̀ mọ búrékì kí orí tó mọ̀ ọ́n.

Ayálégbé mi kan, kápẹ́ńtà, ti ń tún àga onítìmùtìmù ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àná, kò sì gbálẹ̀. Èérún igi àti ìṣó wà káàkiri. Mo bú u nínú ara mi, mo sì gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ibi ọkọ̀.

Ayọ̀wálé de bẹ́líìtì, ó di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ará, mo wakọ̀ lọ́jọ́ náà! Mo jáde sí títì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fun fèrè mọ́ mi. Ọlọ́kadà kan kọjú sí wa ní ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, mo yà fún un, mo sì bú u ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nítorí sútánà tó wà lọ́rùn mi. Tírélà kan fẹ́ fún wa mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo jẹ́ kó lọ. Mo ń wo ẹ̀yìn, mo ń wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń wo ilẹ̀ fìrí láti rí i pé ẹsẹ̀ mi wà lórí búrékì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àṣà lásán ni.

Ní Ìyànà Ìbà, ọmọbìnrin kan tó gbé búrẹ́dì sórí já lu títì láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Mo wo ilẹ̀, mo tẹ búrékì, ọkọ̀ dúró gbọnin. Ọmọ náà fi ọwọ́ kan iwájú ọkọ̀, ó wò wá, ó sì sáré lọ. Búrẹ́dì kan ṣoṣo ló já bọ́.

“Jésù!” ni Ayọ̀wálé ké. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Dádì, èmi ò bá má lè dúró lásìkò. Mo búra. Èmi ò bá má lè dúró.”

Mo le ojú bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n inú mi dùn títí ó fi ń dùn mí láyà.

Ìyá Kàmọ́rù ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, mọ́ínmọ́ín lórí itan rẹ̀. Bó ṣe rí Ayọ̀wálé, ó káwọ́ lérí.

“Ayọ̀ ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Ayọ̀wálé wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì ràn án lọ́wọ́ wọ ọkọ̀.

Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Ayọ̀wálé ní òun máa dúró nínú ọkọ̀. Ìjọ tirẹ̀ ní Àjáh ń ṣe ìsìn lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ fetí sí i. Ó mú kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ kí fáànù ọkọ̀ lè máa ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Dádì, mo ti rí i. Ẹ ṣì mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.”

Mo fẹ́ ké halelúyà níbẹ̀. Mo di Ìyá Kàmọ́rù lápá mú, a wọlé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin wà lápá kan, obìnrin wà lápá kejì. Mo mú un dé àga rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n tó kọjá sí ààyè mi. Táìsì funfun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ibẹ̀, ó sì máa ń dán.

A ń kọ orin ìwọlé lọ́wọ́ nígbà tí Adédàmọ́lá, ẹni tó ń mójú tó ètò ìsìn, rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó wà ní àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì yà sí apá àwọn obìnrin. Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn. Ilé ni yóò wà títí yóò fi parí, tí wọ́n á sì gbàdúrà ìwẹ̀nùmọ́ fún un. Nítorí náà, bí Adédàmọ́lá ṣe rí ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò ro nǹkan mìíràn. Èmi náà kò rò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tolúlọpẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan tó jókòó ti Ìyá Kàmọ́rù, ó sì bi í ní ìbéèrè jẹ́jẹ́. Orin ti dákẹ́. Gbogbo wa gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

“Kì í ṣe èmi, sà. Mo ti parí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi.”

“Ta ni nígbà náà?”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú sì bí mi, nítorí ọjọ́ ayọ̀ mi ni ọjọ́ náà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Mo dìde láàárín àwọn ọkùnrin.

“Ọmọ yìí, jáde kí ìsìn lè máa lọ!” mo ní. “Kí ni gbogbo àríyànjiyàn yìí?”

Ó jáde. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó gba iwájú gbogbo wa kọjá. Ìgbà náà ni Ìyá Kàmọ́rù, tí ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ látàárọ̀, sọ̀rọ̀ sókè.

“Ẹ pe ọmọ yẹn padà. Ẹ wolẹ̀ dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni.”

Lóòótọ́, ojú ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ó sì tóbi, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì yà sí apá àwa ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo wo ti ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi, mo wo ti ẹni tó wà lápá òsì. Mo tilẹ̀ jáde sí àárín láti bá wọn wá ẹni náà, mo sì ń mi orí. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ìjọ ló ń wò mí.

“Bàbá,” ni Adédàmọ́lá wí, “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín sókè.”

Ìṣó kékeré olórí pẹrẹsẹ kan, irú èyí tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń kan awọ mọ́ àga, ti wọlé tán sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Wọ́n fi àga sí ìdí mi. Adédàmọ́lá fi èékánná tu ìṣó náà, ó sì fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ tún dà. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá, ó mà dùn yín o!”

“Ó dùn mí díẹ̀,” mo ní.

Nínú ilé Ọlọ́run ni mo ti pa irọ́ yẹn. N kò mọ nǹkan kan lára.

Wọ́n pe Tolúlọpẹ́ wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo ìjọ, ojú sì tì mí gidigidi. Ó ní kò burú. Ọmọ rere ni. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó mú áńkáṣíìfù funfun, ó ní òun fẹ́ di ẹsẹ̀ náà. Mo dúró kó bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo Ìyá Kàmọ́rù, òun náà ń wò mí.

“Ṣé mi ò dì í le jù, Bàbá?” ni Tolúlọpẹ́ béèrè.

Ó ti dì í tán.

N kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà. Mo ń ka ọ̀nà láti ilé mi dé ibẹ̀ nínú ọkàn mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìṣó náà ti wọlé, kí n tó wọ ọkọ̀. Òun ni mo fi tẹ búrékì ní gbogbo títì, òun ni mo fi tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ búrẹ́dì. Bí ó bá jẹ́ pé n kò wolẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ mi bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrékì, tí mo rò pé ó wà lórí rẹ̀? Mo rántí géètì. Mo rántí mẹkáníìkì tí mo ní kò mọṣẹ́.

Nígbà tí a jáde, Ayọ̀wálé ti lọ ra omi tútù lójú títì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò tì. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ búrékì, ó dúdú. Ìyá Kàmọ́rù yọjú láti ẹ̀yìn mi, òun náà rí i. Ó tú ewé kan lára mọ́ínmọ́ín tó kù, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí kò gbà kó kúnlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń kérora, ó sì ń fi ewé nu búrékì.

“Ìyá Kàmọ́rù, ẹ dìde.”

“Èmi ò rí nǹkan kan o, Bàbá Ayọ̀.” Omi ń dà lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin náà ò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Mo gbé e dìde. Mo fẹ́ gbà fún un. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà fún un tó. Ayọ̀wálé dé, ó rí ẹsẹ̀ mi tí wọ́n dì, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ìṣó gún mi. Ó ní pẹ̀lẹ́, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

“Ẹ gbà, Dádì. Ẹ lè wà á bẹ́ẹ̀, àbí?”

Kọ́kọ́rọ́ náà ń tàn nínú oòrùn. Ìyá Kàmọ́rù di sútánà mi mú lẹ́yìn, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ búrẹ́dì yẹn wà níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀.

“Ìwọ ni kó o wà á,” mo ní.

“Dádì?”

“Ìṣó ti wà lẹ́sẹ̀ mi látilé, Ayọ̀wálé. N kò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò mọ búrékì mọ́.”

Ó wò mí títí. Ó ti jàre, ṣùgbọ́n kò yọ̀, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Mo jókòó sí ẹ̀yìn Kọrólà mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àga ibẹ̀ ti ya. Ìyá Kàmọ́rù kọjú sí fèrèsé, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé rẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Ta ló máa wá gbé mi ní Sọ́ńdè?” Kò retí ìdáhùn, ó wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú egbò náà ní ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ayọ̀wálé gbé ọkọ̀ lọ sí Àjáh. Ó ń pè mí lójoojúmọ́ báyìí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó fi fóònù pe táksí fún wa láti ọ̀hún. Dírẹ́bà náà gbé mi, ṣùgbọ́n nígbà tó rí omi tó dá sójú ọ̀nà ilé Ìyá Kàmọ́rù, ó ní ọkọ̀ òun kò lè wọ ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé mo máa ń wọ ibẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Èmi nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ kejì, táksí kò wá rárá. Àwọn ará ìjọ ní àwọn á máa wá gbé wa. Gbogbo wọn ló ṣèlérí, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi wá, kálukú rò pé ẹlòmíràn ti wá. Ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró ni ewúrẹ́ aládùúgbò ń sùn sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo wọ sútánà mi. N kò mọ ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Mo jókòó ní pálọ̀, Bíbélì lórí itan mi, ẹsẹ̀ mi lórí ilẹ̀ tí n kò mọ̀ bóyá ó tutù. Fóònù dún.

“Bàbá Ayọ̀, mo ti múra o.”

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ewúrẹ́.

“Mo ti dé Ìyànà Ìbà,” mo ní.

Ẹ̀rín kò pa wá.

“Ẹ rọra máa bọ̀ o,” ni Ìyá Kàmọ́rù wí. Kò pa fóònù, èmi náà kò pa á.